Ilẹ̀kùn Tí Kò Ṣí fún Bàbá Awakọ̀

"Wo ibí dáadáa," ni Kóòṣì wí, ó fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà. "Àpótí méjì ló wà lábẹ́ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ti òkè ń bi ọ́ pé títí di ìgbà wo lẹni yìí á fi máa wọlé. Ti ìsàlẹ̀ ń bi ọ́ bóyá ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lá máa sanwó ni tàbí oṣooṣù. Má pa wọ́n pọ̀ o. Ẹni tó gba yàrá ọdún kan lè máa sanwó ẹ̀ lóṣooṣù. Ṣé onílé á wá torí pé oṣù kan parí kó kó ẹrù ẹ̀ síta?"

"Rárá, Àǹtí," ni ọmọbìnrin náà dáhùn. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì kí ọ̀rọ̀ tó parí.

Àbúrò ìyá rẹ̀ ni Kóòṣì, òun ló ni ilé ìdárayá náà: yàrá gbọọrọ kan tí dígí bo ògiri rẹ̀ lápá kan, tí wọ́n to irin sí lápá kejì, láti orí èyí tí ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé dé orí èyí tí ń sọ géńdé di ẹlẹ́kún. Tẹ́lẹ̀, ojú ni Kóòṣì fi ń mọ ẹni tó lè wọlé. Nígbà tí èrò wá pọ̀, ó ra ètò orí kọ̀ǹpútà kan àti ilẹ̀kùn tó bá a mu. Bí èèyàn bá fi káàdì kan ilẹ̀kùn náà, tí ìgbà rẹ̀ kò bá tíì tán, iná aláwọ̀ ewé á tàn, ilẹ̀kùn á sì ṣí. Bí ó bá ti tán, iná pupa ni.

Kíákíá ni gbogbo èèyàn ń pe ọmọ náà, orúkọ náà sì ro ó. Òun ló máa ń kọ́kọ́ parí ìdánwò ní kíláàsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èsì rẹ̀ kì í ṣáájú tẹnikẹ́ni. Ìsinmi ilé ìwé ni wọ́n wà, òun fúnra rẹ̀ ló sì bẹ Kóòṣì pé kó fi iṣẹ́ náà lé òun lọ́wọ́.

Iṣẹ́ náà rọrùn lóòótọ́. Oṣù kan ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà, oṣooṣù ni wọ́n sì ń sanwó, nítorí náà ohun kan náà ló ń bọ́ sínú àpótí méjèèjì. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn lára. Ìgbà tó kan Bàbá Awakọ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ọkọ̀ akẹ́rù ni bàbá yìí fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wà kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú un lẹ́sẹ̀ òsì. Dókítà ti sọ ojú abẹ níkòó fún un: bí kò bá fi oṣù mẹ́ta gbáko lo ẹsẹ̀ náà láìdáwọ́ dúró, bó ṣe wà yẹn ló máa wà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, gba oṣù mẹ́ta fún un, ṣùgbọ́n ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ní òun á máa sanwó, torí bí aṣọ bá ṣe ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀ ni owó ń wọlé.

Bí Kíákíá ti ń ka èyí lọ́wọ́ nínú fọ́ọ̀mù tí aránṣọ náà kọ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín yọjú lójú fèrèsé. Ó ní bọ́ọ̀lù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pápá, àwọn ò sì ní dúró de ẹnì kankan. Kíákíá tẹ ọ̀sẹ̀ kan sí àpótí òkè, ó tẹ ọ̀sẹ̀ kan sí ti ìsàlẹ̀, ó dìde.

"Ṣé o ti dán gbogbo ẹ̀ wò?" ni Kóòṣì bi í. Ètò náà ní ibi tí èèyàn ti lè sún ọjọ́ síwájú, kó sì wo ẹni tí ilẹ̀kùn á ṣí fún.

"Mo ti dán an wò, Àǹtí," ló wí, ó sì ti dé ìta.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan pé, Bàbá Awakọ̀ dé ní òwúrọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó fi káàdì kan ilẹ̀kùn. Iná pupa tàn. Ó nu káàdì náà mọ́ ṣòkòtò, ó tún fi kàn án. Pupa náà ni. Àwọn géńdé kan ti tò sẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ní kí Bàbá jọ̀ọ́ yẹ̀ díẹ̀ kí àwọn kọjá. Ó yẹ̀ fún wọn. Iná ewé tàn fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan níṣojú rẹ̀.

"Ó ti sú ọmọ mi láti máa sanwó," ni Bàbá wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Kò kàn lè sọ ọ́ fún mi ni." Ó yí padà, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì lọ.

Kíákíá ń wò ó láti ìdí kọ̀ǹpútà. Ojú kọ̀ǹpútà ti sọ fún un ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó dìde láti pe Bàbá padà, ṣùgbọ́n Ẹlẹ́rìn-ín, tó fara ti tábìlì, fà á láṣọ.

"Jókòó jẹ́ẹ́. Sọ pé ẹ̀rọ ni. Ta ló máa bi ẹ̀rọ léèrè?"

Ó jókòó. Kí Bàbá tó dé títì, ó ti yí àpótí òkè sí oṣù mẹ́ta. Nígbà tí Kóòṣì dé, tó gbọ́ lẹ́nu àwọn géńdé tó sì béèrè, Kíákíá ní ẹ̀rọ ló ṣe ségesège, òun sì ti tún un ṣe. Kóòṣì yìn ín. Oyin tí kò dùn ni ìyìn náà jẹ́ fún un.

Kọ̀ǹpútà ti gbà, ilẹ̀kùn ti gbà, ṣùgbọ́n Bàbá Awakọ̀ kò mọ̀, kò sì wá mọ́. Nígbà tó ṣe, Kóòṣì pe aránṣọ lórí fóònù, Kíákíá sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi tó jókòó sí.

"Ó ní mo dójú ti òun láàárín èèyàn. Mo búra pé mo sanwó, ó ní irọ́ ni mò ń pa. Láti ọjọ́ náà, kò dìde lórí àga, ẹsẹ̀ náà sì ti ń le."

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ojú ti Kíákíá débi pé kò lè wo dígí tó wà níwájú rẹ̀. Kóòṣì ò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tán tó fi sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, kì í ṣe ẹ̀rọ. Èmi ni. Mi ò dán an wò, mo sì purọ́ fún yín lẹ́ẹ̀mejì."

Kóòṣì gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní inú ń bí òun, ṣùgbọ́n ìbínú òun ò lè na ẹsẹ̀ Bàbá. "Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni kó o lọ tún un ṣe," ló wí.

Kíákíá bá aránṣọ ní ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, ó bá Bàbá lórí àga, tó kọjú sí ògiri. Ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí: àpótí méjì, bọ́ọ̀lù, irọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ìyá mi, má bínú. Mo sọ ohun tí kò yẹ sí ọ."

Ṣùgbọ́n nígbà tó kan Kíákíá, ó ní kó máa lọ. Ó ní òun ti gbọ́, òun ò sì bínú, àmọ́ òun ò tún ní gbé ẹsẹ̀ yìí lọ síbi tí wọ́n ti ń fi iná pupa kí àgbà.

Kíákíá kò bá a jiyàn, kò sì gbà. Lọ́jọ́ kejì, ó tún wá, ó kí i, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí Bàbá jẹ́ kí àwọn jọ rìn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá bi í bóyá kò nílé ni. Ó ní òun nílé, ibí lọ̀nà ilé náà gbà kọjá. Nígbà tó di ọjọ́ mìíràn, Bàbá rìn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí ọmọ yìí lè fi òun sílẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n dé ẹnu géètì. Ọmọ tí kì í rìn àfi kó sáré wá ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀lé ẹsẹ̀ àgbàlagbà, bí Bàbá bá dúró, òun náà á dúró. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, òjò dá Kíákíá dúró. Nígbà tó dé, Bàbá ti wọ bàtà, ó di káàdì mú.

"O pẹ́," ni Bàbá wí.

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni tàbí kí òun sunkún.

Ní ẹnu ilẹ̀kùn, Bàbá na káàdì, ó tún fà á sẹ́yìn. "O dán an wò?"

"Mo dán an wò, Bàbá. Mo sún ọjọ́ títí dé òpin oṣù kẹta. Kóòṣì ní kí n fi àwọn ọjọ́ tẹ́ ẹ pàdánù kún àpótí òkè, kí n má sì fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀."

"Lóòótọ́?"

"Lóòótọ́, lọ́tẹ̀ yìí."

Iná ewé tàn. Bàbá wọlé, àwọn géńdé sì dúró sẹ́yìn rẹ̀ títí ẹsẹ̀ òsì náà fi kọjá.

Kí ọwọ́ èèyàn yá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ tí a kò yẹ̀ wò kò tíì parí, àṣìṣe tí ìṣẹ́jú kan lè tún ṣe sì máa ń di ẹkún nílé onílé bí a bá fi irọ́ bò ó. Kíákíá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín yọjú lójú fèrèsé pé bọ́ọ̀lù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kò gbójú sókè.

"Ẹ máa bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Ó ku ẹnì kan tí mi ò tíì dán tiẹ̀ wò."