Káfíńtà Tó Jáde Síta

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ẹ̀fẹ̀ ni mo fi kí i káàbọ̀. Ìgbìmọ̀ ìlera àdúgbò wá ṣàyẹ̀wò ilé ìwòsàn kékeré tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Àwọn yòókù ń wo òrùlé, wọ́n ń wo fìríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Òun nìkan ló kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, tó ń mi bẹ́ǹṣì àwọn aláboyún.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé bẹ́ǹṣì ló ń ṣàìsàn ni?"

"Òun gan-an ni, nọ́ọ̀sì. Ẹsẹ̀ ń dùn ún."

Káfíńtà ni. Àwọn ará àdúgbò ló yàn án sáàárín àwọn dókítà àti àwọn ọ̀gá inú ìgbìmọ̀ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, ó kó ìṣó àti òòlù dé. Lẹ́yìn bẹ́ǹṣì, ó tún ilẹ̀kùn ṣe. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, fèrèsé. Nígbà tó yá, kò sóhun tó bàjẹ́ mọ́, ó ṣì ń wá.

Áà, ayé ìgbà yẹn dùn! Tí àwọn aláìsàn bá ti lọ, á jókòó ti tábìlì mi, á máa bi mí ìdí tí àwọn ìyá kan kì í fi gbé ọmọ wọn padà wá gba abẹ́rẹ́. Ohun tí mo bá sọ, á gbé e lọ sí ìpàdé. Bí a ṣe rí omi ẹ̀rọ nìyẹn, bí a ṣe rí agbẹ̀bí kejì nìyẹn. Kò fẹnu sọ ìfẹ́ rí, èmi náà ò sọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ara mi kì í balẹ̀ mọ́.

"Káfíńtà yìí," ni màmá mi máa ń wí, "ṣé igi ló ń wá ni àbí ìyàwó?"

Àfi bí àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ṣe ní kí wọ́n ti ilé ìwòsàn wa pa, kí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ èyí tó tóbi ní òdìkejì ìlú. Ṣé ẹsẹ̀ ni obìnrin tó ń rọbí á fi rìn débẹ̀? Ìgbìmọ̀ pín sí méjì. Gbogbo wa mọ̀ pé ibò káfíńtà ló máa gbà wá.

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Kí wọ́n tó dìbò, alága bi wọ́n ní ìbéèrè tí òfin wọn ní kó máa béèrè: "Ṣé ẹnì kan wà nínú wa tí ọ̀rọ̀ yìí kàn fúnra rẹ̀?" Ẹni tó bá kàn gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kó sì jáde síta.

Káfíńtà dìde.

"Ó kàn mí, sà. Mo nífẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀. Tí ẹ bá ti ibẹ̀ pa, wọ́n á gbé e lọ síbi tó jìnnà. Mi ò lè ṣe bí ẹni pé ìlera nìkan ni mò ń rò."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó jáde láìwo ojú mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ pé ó nífẹ̀ẹ́ mi nìyẹn, gbogbo àdúgbò ló sì bá mi gbọ́ ọ.

Ibò kan ṣoṣo la fi pàdánù.

Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Inú mi ń dùn, inú sì ń bí mi. Màmá mi fárí gá: "Ìfẹ́ wo nìyẹn? Ẹni tó lè gbà ẹ́ là, tó wá lọ gba atẹ́gùn síta!"

Ọjọ́ tí mò ń di ẹrù mi ló wá kan ilẹ̀kùn. Màmá mi ò ní kó jókòó.

"Kí ló dé tí o ò kàn panu mọ́, kí o dìbò?"

"Mà, tí mo bá lè parọ́ nítorí rẹ̀ lónìí, mo lè parọ́ fún un lọ́la." Ó fi kún un pé, "Mo ti fi ipò náà sílẹ̀. Ọmọ ìgbìmọ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ará àdúgbò lásán lè wí tirẹ̀ ní gbogbo ìpàdé. Màá máa wí i títí wọ́n á fi ṣí i padà."

Mo mọ bó ṣe fẹ́ràn ipò yẹn tó. Irun wa ti ń hewú kí wọ́n tó ṣí ilé ìwòsàn náà, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ lọ́jọ́ yẹn?

Màmá mi wò ó títí. "Ìwà rẹ yìí á máa jẹ́ kí ọmọ mi pàdánù nǹkan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Màmá mi kọjú sí mi. "Ṣé o ṣì fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ, Màmi. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀ ń bí mi gan-an ni!"

Màmá mi fa àga fún un.

"Jókòó, àna mi. Bí aya ṣe máa ń sọ̀rọ̀ ọkọ ẹ̀ nìyẹn."