Ohùn Ìmáàmù Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọ́ Dópin

Agogo mẹ́jọ àárọ̀ kò tíì lù nígbà tí Àsmá'ù télọ̀ sáré padà láti pápá Yídì, tó bá àgádágodo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nílẹ̀, wọ́n ti gé e sí méjì. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì figbe ta. Orí máṣíìnì ìránṣọ márààrún ti fò lọ, tábìlì wọn nìkan ló dúró gbagidi. Aṣọ ọdún tó rán fún ogójì ọmọ òrukàn àdúgbò, èyí tí àwọn obìnrin mọ́sálásí ti ń dá owó rẹ̀ jọ láti oṣù Rájábù, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ ó bi mí pé kí ni gbogbo Tishigu, àdúgbò wa ní Tamale, ń wá ní Yídì nígbà tí oṣù kò tíì lé. Ọ̀rọ̀ náà ń tini lójú láti sọ. Lẹ́yìn ìrun àsúbàá ni ohùn kan bọ́ sórí Wáàsápù àdúgbò, ohùn Ìmáàmù Àbdùsàlámì gan-an: "Oṣù ti lé o! Ẹ tú ààwẹ̀ yín, ẹ pàdé wa ní Yídì láago méje." Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ohùn náà ti dé àdúgbò Gurugu, ó ti dé Kumasi. Àwọn kan ti mu kókó, ògì gbígbóná wọn, wọ́n sì ti fi àkàrà kóósè tì í lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé Yídì, wọn ò rí Ìmáàmù, wọn ò rí ẹnikẹ́ni, àfi ewúrẹ́ mẹ́ta tó ń jẹko. Ìyókù Tamale wà nílé, wọ́n ń gba ààwẹ̀ wọn jẹ́ẹ́jẹ́.

Ìsípẹ́kítọ̀ Nùsáybà náà wà lára àwọn tí ewúrẹ́ wò tìyanu-tìyanu. Léèsì ọdún ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀bù Àsmá'ù, inú sì ń bí i. Sájẹ́ǹtì Abdul-Mumin, ọmọ ẹ̀yà Dàgọ́ńbà tó gbọ́ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá Tishigu lọ, tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

"Nùsáybà, àbúrò mi," ni Àsmá'ù wí, omi ń dà lójú rẹ̀, "bí oṣù bá lé lálẹ́ òní, ọ̀la lọdún. Kí ni n ó wọ̀ fún ogójì ọmọ? Wọn á ní mo tà á ni. Wallahi, mi ò ní lè gbójú sókè ní Tishigu mọ́."

"Ẹ fara balẹ̀, Àǹtí. Oòrùn ò ní wọ̀ kí n tó rí wọn."

Bó ti sọ ọ́ tán ló rántí pé òun kò mọ ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo tábìlì. Olè yìí kò fa máṣíìnì ya bí olè gbogbo. Ó tú u ni, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni ó ti rí ìdérí agolo Mílò kan, nọ́ọ̀tì onírin tí wọ́n tú lára máṣíìnì sì wà nínú rẹ̀, ogún géérégé, wọ́n tò wọ́n ní ìlà márùn-ún, mẹ́rin-mẹ́rin.

"Kai!" ni Sájẹ́ǹtì wí. "Olè wo ló ń to nọ́ọ̀tì?"

"Ẹni tó ti mọ́ lára ni. Ó fẹ́ mú wọn lọ, ariwo àwa tí a ń bọ̀ láti Yídì ló lé e jáde."

Alhaji Bádrù, tó ń ta aṣọ ní òdìkejì ọ̀nà, ni wọ́n kọ́kọ́ bi léèrè, torí gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé òun àti Àsmá'ù kì í kí ara wọn.

"Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù yín ti ṣí kí ẹnikẹ́ni tó dé láti Yídì, Alhaji."

"Èmi ni mo kọ́kọ́ padà, inú ń bí mi. Odindi abọ́ wáákyè kan, ìrẹsì ẹlẹ́wà, ni mo ti jẹ, kí n tó mọ̀ pé irọ́ ni! Mo rí mọ́tọ̀kíǹgì kan, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù yẹn, wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gba ọ̀nà Jisonayili lọ. Mo rò pé ẹrù ọdún ni."

"Ibo lẹ gbọ́ ohùn náà dé?"

"Ta ló ń gbọ́ irú rẹ̀ tán? Mo gbọ́ 'oṣù ti lé', mo sì fi ránṣẹ́ sáwọn ọmọ mi ní Kumasi. Ìsípẹ́kítọ̀, ìròyìn ò tó àfojúbà."

"Ẹ̀yin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ bẹ́ẹ̀," ni Nùsáybà dá a lóhùn, ó sì jáde.

Mùzàmmil ni olórí ẹgbẹ́ Wáàsápù àdúgbò. Ilé rẹ̀ ni wọ́n ti bá a.

"Nọ́ńbà tuntun kan ni, Àǹtí. Àná ló wọlé, ó fi ohùn náà síbẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó sì jáde. Mo ti ń pè é, kò lọ. Èmi náà ò gbọ́ ọ kọjá ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn Ìmáàmù ni, kí ni kí n tún máa wádìí?"

"Báwo ni ilé Ìmáàmù ṣe jìnnà sílé yín tó?"

Mùzàmmil wolẹ̀. "Ògiri kan náà la jọ ń lò."

Sájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Nùsáybà kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń fẹsẹ̀ kan gba ẹnu ọ̀nà ilé kejì wọlé.

Ìmáàmù Àbdùsàlámì kò mọ nǹkan kan. Láti ìgbà tí ọjọ́ mẹ́wàá ìgbẹ̀yìn oṣù ààwẹ̀ ti wọlé ló ti ń pa fóònù rẹ̀. Bó bá ti kírun àsúbàá tán, á sùn díẹ̀. Nùsáybà gbé fóònù tirẹ̀ sí i létí.

"Ohùn mi ni," ni bàbá náà wí. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọdún tó kọjá ni, ìgbà tí ìròyìn oṣù pẹ́ kó tó dé. Má pa á, ọmọ mi. Jẹ́ kó parí."

Ohùn náà ń lọ. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ìmáàmù, òjò ń lu páànù gììrì gììrì, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Tamale gbẹ táútáú, ẹ̀kán òjò kan kò tíì bọ́ lọ́dún yìí. Lẹ́yìn òjò, ẹnì kan wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Àmín, àmín. Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe é ní àṣetúnṣe."

Nùsáybà di ògiri mú. Ládàánì Sùfíyánù, bàbá rẹ̀, ló ń sọ̀rọ̀. Ó ti di oṣù méje tí wọ́n ti sin ín. Láti ọjọ́ náà ni òun àti ìyá rẹ̀ ti ń wá ohùn rẹ̀ káàkiri, nínú fóònù gbogbo, wọn ò rí ìró kan. Ó fẹ́ jókòó kó sunkún. Ṣùgbọ́n oòrùn ń lọ, ogójì ọmọ sì ń retí aṣọ.

"Bàbá, ta ló tún ní ohùn yìí lọ́wọ́?"

"Àwọn ènìyàn a máa pa tiwọn rẹ́. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa nǹkan rẹ́, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀."

"Ta ló fọwọ́ kan fóònù yín láìpẹ́?"

"Ojú rẹ̀ fọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìkrìmà ló bá mi tún un ṣe, ọmọkùnrin tó ti Kumasi dé ní nǹkan bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Ọmọ dáadáa ni."

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù Ìkrìmà, ìdajì Tishigu ti wà lẹ́yìn wọn. Ìkrìmà tẹ orí ba fóònù kan tó tú palẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kan so mọ́ ọrùn rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ìdérí agolo kan wà, nọ́ọ̀tì kéékèèké fóònù sì wà nínú rẹ̀, ó tò wọ́n ní ìlà, mẹ́rin-mẹ́rin. Nùsáybà fojú kà wọ́n.

"Ẹ káàbọ̀, Mádàámù. Mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Àǹtí Àsmá'ù. Olè ò láàánú o."

"Ṣé o gbọ́ ohùn Ìmáàmù láàárọ̀?"

"Ta ni ò gbọ́ ọ?"

"O sì gbà á gbọ́?"

"Kí ló dé tí mi ò ní gbà á gbọ́? Ohùn Ìmáàmù ni, ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀. Bàbá tó wúkọ́ nígbẹ̀yìn, tó ń ṣe àmín. Òun ni kẹ́ ẹ lọ bi."

"Ṣé o mọ bàbá náà?"

"Haba! Ṣebí ó máa ń jókòó ti Ìmáàmù? A jọ kíra ní Jímọ̀ tó kọjá."

Àsmá'ù gbé ọwọ́ lérí.

"Mo ti ń bi àwọn ará àdúgbò yìí láti àárọ̀," ni Nùsáybà wí, "kò sí ẹni tó gbọ́ ohùn yẹn dópin. Ìwọ nìkan lo mọ̀ pé bàbá kan wúkọ́ nígbẹ̀yìn, torí ìwọ lo jókòó tì í, tó o yàn án nínú fóònù Ìmáàmù. Bàbá tí ẹ jọ kíra ní Jímọ̀, inú sàréè ló wà láti oṣù méje. O ò tíì dé Tamale nígbà tó kú. Bàbá mi ni."

Ìkrìmà nawọ́ láti fa ìdérí nọ́ọ̀tì rẹ̀ mọ́ra.

"Nọ́ọ̀tì tó o gbàgbé lẹ́yìn ilẹ̀kùn Àǹtí Àsmá'ù nìyí." Ó gbé ìdérí Mílò sí ẹ̀gbẹ́ ìdérí tirẹ̀. Ọ̀kan ò yàtọ̀ sí èkejì. "O mọ̀ pé Ìmáàmù máa ń pa fóònù. O mọ̀ pé bí Tishigu bá gbọ́ 'oṣù ti lé', ẹnikẹ́ni ò ní ṣẹ́kù sílé. Abdul-Mumin, wo kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀."

Kọ́kọ́rọ́ iyàrá rẹ̀ kan ní Jisonayili ni, Sájẹ́ǹtì sì sáré lọ ṣí i. Lábẹ́ tapólì tí Bádrù rí ni wọ́n ti bá máṣíìnì márààrún, aṣọ ogójì sì wà nínú àpò, kò tilẹ̀ rún. Ọwọ́ ti ba Ìkrìmà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fi ránṣẹ́!" ló ń pariwo bí wọ́n ti ń tì í sínú ọkọ̀. "Ẹ̀yin lẹ gbé e kiri! Ṣé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ gbé e kiri?"

Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn ènìyàn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bú Mùzàmmil. Bádrù ló ń bú u jù.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Nùsáybà wí. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó sì gbé ojú rẹ̀ síta kí gbogbo wọn rí i. "Agogo márùn-ún àbọ̀ ni ohùn náà bá mi. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni mo fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mẹ́ta. Èmi ọlọ́pàá. Ká ní mo ní sùúrù ìṣẹ́jú kan, ǹ bá ti gbọ́ ohùn bàbá mi, ǹ bá sì mọ̀ pé òkú kì í jẹ́rìí oṣù."

Kò sí ẹni tó lè wò ó lójú. Bádrù lọ bá Àsmá'ù gbé máṣíìnì padà sórí tábìlì, láìsí pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ìṣínu ni ariwo ta ní òpópónà, pé oṣù ti lé. Fóònù ń dún lápò Nùsáybà bí ẹ̀pà tó ń ta nínú yanrìn gbígbóná. Kò wò ó. Ó gbójú sókè, ó wá a títí ó fi rí i, tínrín, lókè mọ́sálásí. Ó wá gun alùpùpù rẹ̀ lọ sí Gurugu, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

"Màmá, mo ní ohun kan tí ẹ máa gbọ́."

"Fi ránṣẹ́ sí mi, mo ń po kókó ọ̀la."

"Rárá o. Ẹ jókòó ná. A jọ máa gbọ́ ọ dópin ni."

Ìyá rẹ̀ nu ọwọ́, ó jókòó. Ìmáàmù sọ tirẹ̀ tán, òjò lu páànù, ọkùnrin kan wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ṣe àdúà rẹ̀. Ìyá náà kò sunkún. Ó dá a lóhùn, bó ti máa ń dá a lóhùn fún ogójì ọdún:

"Àmín, bàbá Nùsáybà."