Lẹ́ńsì Àlejò

Dúró. Ìwọ tí o ń ka èyí, gbé kámẹ́rà ọwọ́ rẹ sílẹ̀ ná. Olúwa ló gbọ́: n kò bù mọ́ ọn, n kò yọ kúrò níbẹ̀.

Siaosi, àbúrò mi, ló ń ya àwòrán ìgbéyàwó ní abúlé wa ní Savai'i, erékùṣù kan ní Samoa. Kámẹ́rà rẹ̀ tuntun ní lẹ́ńsì tí wọ́n ṣe fún un. Síbẹ̀ ó lọ ra ògbólógbòó lẹ́ńsì kan ní Apia, olú-ìlú wa, ó fi òrùka irin so ó mọ́ kámẹ́rà náà.

"Ta ló ni ín tẹ́lẹ̀?" mo bi í.

"Olóògbé kan." Ó rẹ́rìn-ín. "Díákónì, àbí ẹ fẹ́ ṣèrìbọmi fún un?"

N kò rẹ́rìn-ín. Àgùntàn kì í tẹ̀ lé ohùn àlejò.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n fọn ìkarahun òkun bíi fèrè láti pè wá sí àdúrà. Gbogbo abúlé dákẹ́. Nírú àkókò yẹn, ẹnikẹ́ni kì í rìn, ẹnikẹ́ni kì í ṣiṣẹ́. A jókòó lórí ẹní, a dijú.

Mo gbọ́ ìró kámẹ́rà: "ká".

Lẹ́yìn àmín, Siaosi fi àwòrán náà hàn wá. Nínú rẹ̀, gbogbo wa tẹrí ba. Obìnrin kan jókòó nídìí òpó lẹ́yìn wa. N kò mọ̀ ọ́n rí. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere.

"Ìwọ lo fi í síbẹ̀," mo ní. "Ọwọ́ rẹ kò mọ́ nínú irú èyí."

"Ẹ̀gbọ́n! Kámẹ́rà ò tíì kúrò lọ́wọ́ mi!"

Lọ́jọ́ kejì, nígbà àdúrà, mo jókòó tì í, mo ń ṣọ́ ìka rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi lẹ́ńsì tuntun yà wá. Àwa nìkan ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi ògbólógbòó yà wá. Obìnrin náà ti kúrò nídìí òpó. Ẹ̀yìn Fuatino, ìyàwó Siaosi, ló wà, ó na ọwọ́ sí Teuila, ọmọ wọn.

"Yọ ọ́!" mo pariwo. "Ti tuntun ni kí o máa lò."

Fuatino di ọmọ rẹ̀ mú gírígírí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Bó bá yọ ọ́, ṣé obìnrin náà á lọ ni, àbí a kàn ò ní rí i mọ́?"

Mo fọwọ́ bo ojú lẹ́ńsì náà.

Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ti fọn ìkarahun, Siaosi kì í dijú mọ́. Lánàá, ó fi àwòrán mìíràn tó fi ògbólógbòó yà nígbà àdúrà hàn mí. Ọmọ wà lẹ́sẹ̀ obìnrin náà. Ọwọ́ Fuatino ṣófo. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, mo wà níbẹ̀: Fuatino ló gbé ọmọ títí a fi ṣe àmín.

Mo bẹ̀ ọ́, ìwọ tí o ń fi ojú olójú wo ilé ara rẹ: nígbà àdúrà, gbé kámẹ́rà náà sílẹ̀. Dijú bíi ti àwọn yòókù.