Ohun Tí Gbénró Fi Sẹ́yìn Asẹ́

Ìwọ tí o gba ìwé yìí lọ́wọ́ oníwàásù, tí o sì fẹ́ fi di ẹ̀pà, ṣe sùúrù. Kọ́kọ́ gbọ́ ti Gbénró ará Èrúwà, ẹni tó fẹ́ fi atẹ́gùn pa ọ̀tá rẹ̀.

Nígbà tí bàbá Gbénró wà lórí àìsàn ni Akínyẹlé, ọlọ́jà tábà, gba oko rẹ̀ tó wà lọ́nà Lánlátẹ̀. Àwọn tó ń jẹun nílé Akínyẹlé ló pè láti jẹ́rìí èké pé òun ló ni ín. Ìbànújẹ́ náà ló pa bàbá. Létí sàréè ni Gbénró ti búra pé, "Bàbá, bí mi ò bá gbẹ̀san yín, kí wọ́n má pè mí lọ́mọ yín mọ́."

Ó lọ kọ́ṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ní Ìbàdàn. Nígbà tó padà dé, ọ̀dọ̀ Akínyẹlé gan-an ló ti tọrọ iṣẹ́! Akínyẹlé ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ti ra ẹ́ńjìnnì iná, ó sì ti ki ẹ̀rọ amúlétutù bọ ojú fèrèsé yàrá rẹ̀, nítorí ó rí irú rẹ̀ nílé ajẹ́lẹ̀ òyìnbó. Kò tilẹ̀ rántí ọmọ ta ni Gbénró. Ìyẹn dun Gbénró ju oko lọ.

Gbénró ló ń tọ́jú ẹ̀rọ náà. Eruku ọyẹ́ ilẹ̀ Ìbàràpá kì í ṣeré. Bó bá dí asẹ́ tó wà níwájú ẹ̀rọ, atẹ́gùn kò ní ráyè kọjá. Inú ẹ̀rọ á di yìnyín, yìnyín á yọ́, omi á máa kán sínú yàrá. Nítorí náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Gbénró ń yọ asẹ́ náà, tó ń fọ̀ ọ́, tó ń sá a síbòji. Ìkìlọ̀ kan kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ pa iná kí ẹ tó fọwọ́ kàn án!"

Japheth, dírẹ́bà Akínyẹlé, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni, ó sì mọ ohun tó ń jẹ Gbénró lọ́kàn. Ó sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Gbénró, o mọ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ̀ ò sí lọ́kàn rẹ. Gbé ọ̀rọ̀ oko yẹn fún Jésù."

Gbénró fèsì pé, "Ṣé oko bàbá Jésù ni wọ́n gbà ni? Ọjọ́ tí mo bá rí Akínyẹlé nínú pósí, ọjọ́ náà ni inú mi máa rọ̀."

Ó lọ sí abúlé kan lẹ́yìn ìlú Tápà, ó gba oògùn tí wọ́n dì sínú aṣọ dúdú lọ́wọ́ àwọn olóògùn. Wọ́n ní ẹni tí atẹ́gùn rẹ̀ bá fẹ́ lù kò ní jí. Gbénró tì í sẹ́yìn asẹ́, ó ní, "Bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń tutù, Akínyẹlé, kí ara rẹ tutù bẹ́ẹ̀." Ó jẹun àjẹyó lọ́jọ́ náà. Ó rò pé Ọlọ́run ò rí òun.

Nítorí òtútù ọyẹ́, wọn ò tan ẹ̀rọ lóru. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Akínyẹlé ké láti òkè pé, "Gbénró! Wá wo ẹ̀rọ yìí o, ó ń sunkún!"

Gbénró mọ ohun tó fa omi. Oògùn ti dí ọ̀nà atẹ́gùn. Ó rẹ́rìn-ín sínú pé, "Ẹkún rẹ ló ń sun sílẹ̀." Ó gun àtẹ̀gùn lọ.

Àmọ́ Àdùnní, ìyàwó òun fúnra rẹ̀, ló bá lórí bẹ́ẹ̀dì, tòun ti oyún tó ti pé oṣù! Oúnjẹ ọkọ rẹ̀ ló ń gbé bọ̀ tí oòrùn fi dá a dùbúlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Rosaline, ìyàwó Akínyẹlé, ló ní kí wọ́n gbé e wá síbi tó tutù; Akínyẹlé kò mọ ìyàwó ta ni. Ó dijú, kò mira. Atẹ́gùn díẹ̀ tó ṣì ń ráyè jáde ń fẹ́ lu ikùn rẹ̀.

Gbénró kígbe. Kò rántí pa iná. Ó fa ojú ẹ̀rọ ya, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Iná gbé e, ó sọ ọ́ mọ́ ògiri. Oògùn náà já bọ́ síwájú gbogbo wọn.

Akínyẹlé wò ó, ó wo Gbénró. "Èmi lo ṣe èyí fún?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá Rosaline. Nítorí oko bàbá mi tí ẹ gbà ni. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ni mo pa yìí o! Ọmọ mi ni mo pa!"

Japheth ti sáré wọlé, ó ti pa iná. Ó kúnlẹ̀ tì í. "Kò tíì kú. Ké pe Jésù!"

"Jésù, gbà mí! Mo jọ̀wọ́ oko náà fún ọ. Mo jọ̀wọ́ Akínyẹlé. Gba ẹ̀san náà lọ́wọ́ mi, ó ti fẹ́ jó mi pa!" Ó sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tó ṣe, Àdùnní lajú, ó ní kí wọ́n fún òun lómi.

O ń retí kí n sọ pé Akínyẹlé dá oko padà, àbí? Kò dá a padà. Ó lé Gbénró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọlọ́run tó ni ẹ̀san kò sùn, ó sì mọ ilé tó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kí Akínyẹlé yáa tètè ronú pìwà dà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ tún dé, tí ẹ̀rọ náà dí, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe, Gbénró ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Ó wá láti Igbó-Ọrà, níbi tó kó lọ. Ó pa iná, ó yọ asẹ́, ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó dá a padà, ó kí Akínyẹlé, ó sì lọ bá ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ nílé.

Ìwọ ńkọ́? Orúkọ ta lo dì sínú aṣọ dúdú, tí o tì sẹ́yìn àyà rẹ? O ní ó jẹ ọ́ níyà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn kò mọ ẹni tí o rán an sí. Ẹni tó bá wà níwájú rẹ̀ ló ń fẹ́ lù. Jésù ń kan ilẹ̀kùn ọkàn rẹ pé kí o jẹ́ kí òun wẹ ibẹ̀. Má sọ pé ó di ọ̀la. Ẹni tí o fẹ́ràn jù ti ń bọ̀ lọ́nà nínú oòrùn. Pa iná náà lónìí.