Igò Mọ́kànlélógún

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí a sin Rótìmí, àbúrò mi, ni igò kan dín nínú géèmù rẹ̀. Fóònù rẹ̀ kò kúrò nínú báàgì mi, n kò sì mọ géèmù ta. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé kan ní Àgídìngbì. Mo mọ̀ pé mọ́kànlélógún kì í ṣe ogún.

Jagunjagun kan ló ń rìn nínú igbó nínú géèmù náà, tó ń ṣa igò oògùn lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá ṣe é léṣe, tó bá mu ọ̀kan, ara rẹ̀ á yá. Rótìmí kì í jẹ́ kó mu ún. Etí odò kan ni jagunjagun náà ti máa ń kú ṣáá, pẹ̀lú igò lẹ́rù. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Sísítà mi, òmìrán ṣì wà níwájú," á ní. "Ibẹ̀ ni n ó ti lò ó."

Nígbà tí ikọ́ dé sí i láyà níléeṣẹ́ ọ̀rá tó ti ń ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà, ó gba oògùn, ó tọ́jú u. Ó ní ikọ́ náà kò tíì le. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, kò jí. Odindi la bá oògùn náà nínú àpótí rẹ̀.

Ẹni bíni là á jọ. Gbogbo omi àdúrà tí Màámi ń gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn l'Ónígbòǹgbò ni wọ́n ń tò ó sí, wọ́n á fi òwú funfun di ìdérí rẹ̀, ó di ọjọ́ ìpọ́njú. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wà nínú agolo mílíìkì. "Ọjọ́ tí orí bá fọ́ mi gidi ni," wọ́n á wí. Dókítà kìlọ̀ títí. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, torí àwọn nìkan ló kù fún mi.

Ojoojúmọ́ ni igò kan ń dín nínú géèmù náà. Ní Sátidé tó ku méjìlá, mo lọ gbálẹ̀ yàrá Màámi. Igò mọ́kànlélógún ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mẹ́sàn-án ti gbẹ, òwú wọn kò sì tú. Mẹ́sàn-án náà ló ti dín nínú géèmù.

Mo fi fóònù náà hàn wọ́n. Wọn kò pariwo.

"Òùngbẹ ló ń gbẹ ọmọ mi," wọ́n rọra wí. "Jẹ́ kó mu ún. Ṣebí ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú nǹkan pamọ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ku ẹyọ kan, mo gbé fóònù sórí tábìlì níwájú wọn. Jagunjagun náà ti kọjá odò. Ó kẹ̀yìn sí igbó, ó kọjú sí wa, ó na igò náà síta. A dúró títí, kò mu ún.

"Tèmi lèyí," ni Màámi wí, omi sì gba ojú wọn. Wọ́n ṣí agolo, wọ́n mú oògùn kan, wọ́n tú òwú igò tó kù, wọ́n fi omi rẹ̀ gbé e mì.

"Damaris," wọ́n ní, ohùn wọn kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lórí ìkúnlẹ̀ lọ, "ẹnu igò yìí gbóná, bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́nu kúrò níbẹ̀."

Lórí fóònù, igò ti tán.

Mo rò pé ó parí nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, igò kan tún wà níbẹ̀. Màámi lo oògùn wọn, igò náà pòórá. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí láràárọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbàgbé. Títí di ọ̀sán, jagunjagun náà jókòó sílẹ̀, ó di igò rẹ̀ mú, ó ń wò wá. Nígbà tó pẹ́, ó wúkọ́. Èmi àti Màámi wo ara wa. Ikọ́ Rótìmí ni.