Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Ọmọ Igbógìlà

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n ké sí ọlọ́pàá sí ilé ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lábísí Ọ̀ṣunníyì ní Ìlaròó. Ẹnìkan ti yọ wáyà iná fírísà ńlá tó wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú àwọn ìgò kéékèèké inú rẹ̀ sì ti yọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé ni, kò tíì bọ́ bàtà ìrìn àjò. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wo àwọn ìgò náà bí ẹni tí ilé rẹ̀ jó.

Ẹni tí kò mọ̀ lè ní ẹ̀jẹ̀ lásán ni. Ẹ̀jẹ̀ lásán kẹ̀! Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni obìnrin onímọ̀ ọpọlọ yìí ti ń wọ ilé kiri ní Igbógìlà, nítorí àwọn ọmọ tí wárápá ń gbé ṣánlẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, bí wárápá bá gbé ọmọ, sísá ni èèyàn ń sá, wọ́n ní itọ́ rẹ̀ ń ranni. Wọ́n ń ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n ń lé e nílé ìwé. Òun ló jókòó tì wọ́n, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu itọ́ ẹnu wọn, títí àwọn ará ilé fi gbà pé kì í ranni. Àwọn yunifásítì òkè òkun ń fi ohun tó kọ nípa ọpọlọ àwọn ọmọ wọ̀nyí kọ́ni dòní. Èyí tó kù ni láti mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tó ń bá ọpọlọ jà. Àwọn ìyá fún un lẹ́jẹ̀ ọmọ wọn, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í fi ẹ̀jẹ̀ ṣeré, torí ó búra fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ náà kò ní kúrò ní Ìlaròó.

Insipẹ́kítọ̀ Bàrúwà, ọkùnrin kúkúrú tí kì í pariwo, kọ́kọ́ pe Dókítà Adégbóyè, igbákejì Ọ̀jọ̀gbọ́n, tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Adégbóyè ní òórùn ẹ̀jẹ̀ jíjẹrà ti pàdé òun lẹ́nu ọ̀nà kí òun tó wọlé rárá. Ó ní Bàbá Ọdẹkúnlé tó ń ṣọ́ ilé ló yọ wáyà lọ́jọ́ Jímọ̀ láti fi ṣáájì fóònù, tó sì gbàgbé.

Àwọn ọlọ́pàá ò tíì gbọ́ tẹnu bàbá yìí tí wọ́n fi dè é lọ́wọ́. Torí pé kò kàwé, àbí? Bàrúwà ní kí wọ́n tú u. Bàbá ní yàrá òun lẹ́nu géètì lòun ti ń ṣáájì fóònù, ó wá fi kún un pé, "Ọmọ mi, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a."

Bàrúwà ṣí ìgò kan, ó gbé e súnmọ́ imú. Ó wo òkè àjà, ó wo ojú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ló bi Ọ̀jọ̀gbọ́n pé ta ló ní kọ́kọ́rọ́ àgádágodo fírísà. Ó ní òun àti Adégbóyè nìkan ni.

Bàrúwà bá na ìgò náà sí igbákejì. "Dókítà, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ṣé èyí ló pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà?"

Adégbóyè gbóòórùn rẹ̀, ó sì tètè dá ìgò náà padà.

"Kò rùn," ni Bàrúwà wí. "Láti ọjọ́ Jímọ̀, nínú ooru yìí, ẹ̀jẹ̀ yọ́, síbẹ̀ eṣinṣin kan ò bà lé e. Omi tí wọ́n pò mọ́ àwọ̀ pupa ni. Ẹni tó yọ wáyà fẹ́ ká rò pé ẹ̀jẹ̀ bàjẹ́, ká má baà wá a. Bàbá ò lè ṣí àgádágodo. Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ pé ó rùn, torí ẹ mọ̀ pé ó yẹ kó rùn. Níbo lẹ gbé ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ lọ?"

Ìgbà náà ni Adégbóyè tó jẹ́wọ́. Ilé ìwádìí kan ní Kútọ́nù ló ṣèlérí pé, bó bá lè fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí wọn, orúkọ rẹ̀ ni yóò ṣíwájú nínú ìwé tí wọ́n bá kọ. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń bá Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn ni orúkọ òun ń wà. Ṣùgbọ́n àwọn aṣọ́bodè dá awakọ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ náà lọ dúró ní bọ́dà Tube, yìnyín tí wọ́n kó o sí yọ́, ẹ̀rù ba awakọ̀, ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú igbó. Nítorí orúkọ! Ẹ ò rí ìwà ìkà.

Ó wólẹ̀. "Ẹ foríjì mí, Mà. Ẹ jẹ́ ká padà lọ gba òmíràn. Wọ́n fẹ́ràn yín, wọn ò ní kọ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde. "Lukman, ọmọ Jẹ̀mílátù, bọ́ sódò nígbà tí wárápá gbé e, ó kú. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó wà níbí nìkan ló kù lára ọmọ yẹn. Apá ta ni kí n gún lábẹ́rẹ́, Adégbóyè?"

Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn ìgò náà síwájú rẹ̀.

"Mi ò ní lọ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Ìwọ lo máa sọ ọ́, níṣojú mi, lónìí."

Adégbóyè yíjú sí ọlọ́pàá. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n kúkú gbé òun lọ sí àtìmọ́lé. Bàrúwà tì í sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì kọrí sí ọ̀nà Igbógìlà.