Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Wáìnì Lára Aṣọ Baba

Ọ̀rẹ́ mi, ṣé ẹni tó ń jẹ nínú àwo rẹ ti dalẹ̀ rẹ rí? Ó dùn ọ́ wọra, àbí? Jókòó, kí n sọ ti Amíńtà fún ọ.

Ọlọ́gbà àjàrà ni Amíńtà, ní ìlú wa ní Makedóníà. Ìgbéraga rẹ̀ kọjá sísọ. Nígbà tí ibà fẹ́ pa á, àwọn ìbátan rẹ̀ sá. Baba Paramónù, bíṣọ́ọ̀bù wa, ló tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ọba Róòmù wá pàṣẹ pé kí wọ́n mú gbogbo bíṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n sì bẹ́ orí ẹni tó bá fi wọ́n pamọ́, ọ̀dọ̀ Amíńtà ni Baba sá lọ.

Ilẹ̀ la máa ń ri ìkòkò wáìnì ńláńlá wa mọ́ dé ọrùn. Ọ̀kan ṣófo ní àgbàlá Amíńtà. Inú rẹ̀ ni Baba sùn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wáìnì tó kù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Kráterò, akọ̀wé gómìnà, wá mu wáìnì lọ́dọ̀ Amíńtà, ó sì sọ fún un pé:

"Ẹni tó bá júwe bàbá yẹn, òun ni yóò máa ta wáìnì fún gbogbo ọmọ ogun. Ta ló máa mọ̀ pé ìwọ ni? Ṣebí ọ̀rẹ́ ni wá."

Bí ilẹ̀ ti mọ́, Amíńtà gbé búrẹ́dì àti ólífì fún Baba. "Baba, kò sí ọmọ ogun lọ́nà afárá mọ́. Ẹ máa lọ, Ọlọ́run á ṣọ́ yín."

Àwọn ọmọ ogun tí Amíńtà ti ta lólobó ti ń dúró lórí afárá. Ìwà ìkà rèé! Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Wọ́n mú Baba lọ síwájú gómìnà lójú gbogbo èrò. Gómìnà rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lára aṣọ rẹ̀. "Inú ìkòkò ta lo sùn?"

Ẹ̀rù ba Amíńtà láàárín èrò. Ó sún mọ́ Kráterò. "Ọ̀rẹ́, má jẹ́ kí bàbá yẹn dárúkọ mi o."

"Ọ̀rẹ́ ta? Èmi ò mọ̀ ẹ́ rí!"

Wọ́n na Baba títí ẹ̀jẹ̀ fi bo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Zosimà, opó tó ń gbé oúnjẹ lọ fún Baba lẹ́wọ̀n, yà sílé Amíńtà.

"Baba ní kí n kí ẹ. Ó ní o ṣeun fún ọjọ́ mẹ́sàn-án."

"Kò sọ nǹkan mìíràn?"

"Ó béèrè bóyá o ti jẹun."

"Màmá, ṣé Baba mọ̀ pé èmi ni?"

"Ta ló tún mọ̀ pé afárá ló ń gbà? Ó mọ̀. Ká ní tèmi ni, ǹ bá tutọ́ sí ẹ lójú. Ṣùgbọ́n ó ní Jésù tó dárí ji òun kò tíì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ."

Amíńtà bú sẹ́kún. Ó lọ tààrà síwájú gómìnà. "Inú ìkòkò mi ló sùn. Èmi náà ni mo sì tà á. Kristi rẹ̀ ni mo fẹ́ máa sìn."

Wọ́n gba ọgbà rẹ̀, wọ́n jù ú sínú yàrá tí Baba wà. Omi mímu tó kù nínú ife rẹ̀ ni Baba fi ṣe ìbatisí fún un. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n bẹ́ orí Baba, lẹ́yìn náà ti Amíńtà.

Ìwọ tó ń kàwé yìí, o ṣì ń ro ti ẹni tó dalẹ̀ rẹ? Ìwọ gan-an ni mò ń bá wí. O jẹ oúnjẹ Olúwa, o mí afẹ́fẹ́ rẹ̀, o sì tà á nítorí àwọn ọ̀rẹ́ tí yóò sọ lọ́la pé àwọn kò mọ̀ ọ́ rí. Ó mọ̀. Síbẹ̀ wọ́n na Jésù nítorí rẹ, kò sì la ẹnu rẹ̀. Lónìí, níbi tí o jókòó sí yìí, sọ fún un pé: "Olúwa, èmi ni mo tà ọ́."